Àyè kọ́ọ̀sì àṣàyàn méjì ló ṣófo lórí fọ́ọ̀mù mi, orí mi ti dàrú

Ọmọ_Ẹ̀rọ3
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹta ni mo wà ní fásitì, ẹ̀ka mechanical. Kọ́ọ̀sì kànńpá ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nípa wọn. Àmọ́ àyè kọ́ọ̀sì àṣàyàn méjì ṣì ṣófo, yúnítì mẹ́ta mẹ́ta, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa ti ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí wọ́n tò síwájú wa nìyí: Statistics fún ẹnjiníà (ìṣirò dátà àti àìdánilójú), Numerical Methods (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yanjú ìṣirò ńlá), Engineering Economics (ìṣirò owó nínú iṣẹ́ ẹnjiníà), Technical Writing (kíkọ ìròyìn iṣẹ́), Ìfáàrà sí Machine Learning (fífi dátà kọ́ kọ̀ǹpútà), Ethics, àti Ìtàn Orin.

Ìtàn Orin ni gbogbo kíláàsì wa ń rọ́ lọ, torí wọ́n ní ẹni tó bá ṣáà ti ń yọjú, A ni. Mo gbé fọ́ọ̀mù tọ olùdámọ̀ràn mi lọ, ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ti ń wá bírò tó máa fi bu ọwọ́ lù ú. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o: Linear Algebra tí mo ṣe lọ́dún kejì (ìṣirò matrix, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yanjú equation púpọ̀ pọ̀), 46 ni mo gbà. Mo yege, àmọ́ èmi àti Ọlọ́run la mọ bó ṣe jẹ́. Èwo ni kí n mú?

Ṣẹ̀ṣẹ̀Jáde
Àbúrò, Ìtàn Orin. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ jẹ. Ọdún tó kọjá ni mo jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo fọ́ọ̀mù iṣẹ́ àti ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bi mí ni àpapọ̀ máàkì mi. Kò sí èyí tó bi mí pé kọ́ọ̀sì wo ni mo fi kó o jọ. Mo mú Numerical Methods torí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé orí mi pé. D ni mo gbé bọ̀, D yẹn náà ló sì já mi bọ́ láti ìpele tí mò ń lé. Tí wọ́n bá gbé orin síwájú rẹ, kọrin.

Kóòdù_Lóru
Machine Learning. Kí la tún ń rò? Ibẹ̀ layé ń lọ.

WáyàPupa
@Kóòdù_Lóru, ohun tí èmi náà sọ lọ́dún kẹta mi nìyẹn. Electrical ni mo kà. Mo fo Statistics, mo kó sínú Machine Learning tààrà. Iṣẹ́ àṣeparí tí wọ́n fún wa ni pé ká kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fi ìró mọ́tò onína mọ èyí tó fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n fún wa ní àkọsílẹ̀ mọ́tò 1,000. 970 ló dáa, 30 ló ní àléébù. Tèmi gba 97 nínú 100, mo ti ń jó nínú yàrá.

Olùkọ́ wa wò ó, ó ní, "Nínú ọgbọ̀n tó ní àléébù, mélòó ló mú?" Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òdo. Gbogbo mọ́tò tí mo gbé síwájú rẹ̀, "ó dáa" ló ń sọ. Tí mo bá di ojú mi méjèèjì tí mo sì ń sọ "ó dáa" fún gbogbo wọn, 97 náà ni màá gbà.

Ohun tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ àwọn tó ṣe Statistics ni mo fi ojúutì kọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Ọmọ_Ẹ̀rọ3, ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ kọ́ọ̀sì yẹn. Ó dá mi lójú pé wọ́n á béèrè Statistics àti Linear Algebra kí o tó wọlé. Ti pé ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀ gbà ọ́ wọlé kò sọ pé o ti ṣe tán.

Kóòdù_Lóru
Ó dáa, èyí wọ̀ mí lára. Mo gbà. Ẹ jẹ́ n jókòó.

OníPọ́ǹpù
Mo ti fi ọdún mọ́kànlá wà nídìí pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Èmi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ máàkì kò ṣe pàtàkì, torí irọ́ ni. Àmọ́ kọ́ọ̀sì tí mo ń lò lójoojúmọ́ tí mi ò rò pé màá lò ni Engineering Economics.

Ẹ wo nǹkan kékeré yìí. Mọ́tò onína méjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè yí pọ́ǹpù tó ń gba 15 kilowatt. Àkọ́kọ́ ń sọ ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó bá wọ inú rẹ̀ di iṣẹ́, èkejì ń sọ ìdá 92. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, òun sì ni ọ̀gá tó ń rajà fẹ́ rà. Jókòó ṣírò ó: àkọ́kọ́ á máa fa bíi 17.05 kilowatt, èkejì bíi 16.3. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó 1. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6,000 lọ́dún. Bíi 4,400 kilowatt-hour ló ń jò dànù lọ́dọọdún nìyẹn, mọ́tò yẹn á sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Wàá wá gbé owó ọdún mẹ́wàá wá sí iye tó jẹ́ lónìí, torí owó ọ̀la kò tó owó òní, wàá fi wé ìyàtọ̀ iye tí wọ́n ń tà á. Kò sí kọ́ọ̀sì kànńpá kankan tó kọ́ mi ní apá ìkẹyìn yẹn. Thermodynamics sọ fún mi pé ooru ń sọnù. Kò sọ fún mi bí mo ṣe lè fi yí ọ̀gá tó ń rajà lọ́kàn padà.

Afárá_Àtijọ́
Civil nìyí. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí owó, Numerical Methods ni tèmi. Torí gbogbo yín ló máa lo sọ́fítíwíà tó ń gé nǹkan sí wẹ́wẹ́ láti ṣírò agbára tó wà lórí rẹ̀, yóò sì fún yín ní àwòrán aláràbarà, pupa níbí, búlúù lọ́hùn-ún. Àwòrán yẹn kì í sọ pé òun ń parọ́.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìsàlẹ̀ pèpéle epo Sleipner A, tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ ní Nọ́wè, là nígbà tí wọ́n ń rì í sómi díẹ̀díẹ̀ láti dán an wò, gbogbo rẹ̀ sì rì. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀nà tí wọ́n gbà gé ibi tí àwọn ògiri inú rẹ̀ ti pàdé nínú kọ̀ǹpútà kò dáa, ìṣirò wá fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún bu agbára tó ń ya ògiri yẹn kù. Wọ́n ṣe ògiri náà ní tín-ín-rín, irin inú rẹ̀ ò sì tó. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú síbẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ 25 oṣù Kejì, ní Dhahran ní Saudi Arébíà, ẹ̀rọ Patriot kò rí àdó olóró Scud tó ń bọ̀ gbà dúró, sójà Amẹ́ríkà 28 kú. Aago inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ka àkókò ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lọ gbìyànjú láti kọ 0.1 ní ìṣirò oní-méjì ti kọ̀ǹpútà, kì í parí láéláé, bí 1/3 kì í ṣe é parí lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n gé e síbi bit 24 (bit ni àyè nọ́ńbà kan nínú ìṣirò oní-méjì yẹn). Ohun tó ń ṣìnà lẹ́ẹ̀kan kéré bí eérú. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún wákàtí láìpa ẹ̀rọ, ó ti di bíi 0.34 ìṣẹ́jú àáyá, Scud á sì ti rin ju ìdajì kìlómítà lọ láàárín ìyẹn, ibi tí kò sí ni ẹ̀rọ náà wá ń wò.

Kóòdù_Lóru
Ṣé kò sẹ́ni tó ní ìtàn tí nǹkan ò ti wó, tí kò rì, tí kò bú gbàmù ni?

Afárá_Àtijọ́
Èyí tí kò bá wó, ta ló ń kọ ìròyìn rẹ̀? 😄

Ọmọ_Ẹ̀rọ3
Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Àmọ́ ẹ ti jẹ́ kó le sí i. Orúkọ mẹ́rin ni mo ní báyìí fún àyè méjì. Ẹ̀gbọ́n Afárá, Numerical Methods yẹn wù mí lóòótọ́. Ṣé ẹni tó gba 46 nínú Linear Algebra lè yọjú síbẹ̀? Olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní ìyẹn ò kàn án, pé òun á tún gbogbo rẹ̀ sọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣẹ̀ṣẹ̀Jáde
"Òun á tún gbogbo rẹ̀ sọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́." Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́_Tẹ́lẹ̀
Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan sọ tirẹ̀. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí fún ọdún tó pọ̀, mo sì ti jókòó níbi tí a ti ń pinnu ohun tí yóò jẹ́ kànńpá àti èyí tí yóò jẹ́ àṣàyàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àṣàyàn ni ohun tí kò ṣe pàtàkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ ABET tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wò ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ní kí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì má dín ní 30 yúnítì, kí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà gan-an má dín ní 45. Oyè ọdún mẹ́rin níbẹ̀ sábà máa ń tó 120 tàbí kó lé. Ẹ yọ 30 àti 45 yẹn kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ohun tó kù kì í ṣe kékeré. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní ihò, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń fi àyè sílẹ̀. Ihò lẹ fi ń dí.

Ìwọ ọmọ tó gba 46, inú mi dùn pé o sọ ọ́. Gbé bébà. Kọ equation mẹ́ta sílẹ̀ tó ní ohun àìmọ̀ mẹ́ta, èyí tí o bá rí. Wá a jáde láìṣí ìwé, láìlo ẹ̀rọ, kí o sì fi èsì rẹ padà sínú equation láti mọ̀ bóyá ó bá. Wo aago. Tó bá jù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, má tíì wọ Numerical Methods. Iṣẹ́ tí o ṣe lórí bébà yẹn náà ni kọ́ọ̀sì yẹn ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àfi pé equation á di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè tún un ṣe. Olùkọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ ń wá akẹ́kọ̀ọ́ ni. (Èmi náà ti sọ ọ́ rí.)

Ilé ẹ̀kọ́ rẹ á ní kíláàsì àtìlẹ́yìn fún ìṣirò, níbi tí wọn kì í ti í fúnni ní yúnítì. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ láti lọ. Lọ. Mú Statistics ní sáà yìí, kí o mú Numerical Methods lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí matrix ò ní máa bà ọ́ lẹ́rù mọ́.

Ìdí tí mo fi ní Statistics: ẹ rántí Challenger, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí ojú sánmà, oṣù Kìíní ọdún 1986, ọjọ́ 28. (Kóòdù_Lóru, má bínú, òmíràn tó bú gbàmù nìyí.) Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà ń bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n má jẹ́ kó gbéra torí òtútù, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní rọ̀ mọ́. Wọ́n yẹ àwọn ìrìnàjò tí òrùka yẹn ti bàjẹ́ wò. Ó ti bàjẹ́ nígbà òtútù, ó ti bàjẹ́ nígbà ooru, ó wá dà bíi pé òtútù ò kàn án. Wọn ò fi àwọn ìrìnàjò tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ kún un. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ ló fi kún un lẹ́yìn náà: nínú ogún ìrìnàjò tí oríkèé wà ní bíi 19°C sókè, mẹ́ta péré ló ní wàhálà, nínú mẹ́rin tó wà ní bíi 17°C wálẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tó ti ṣe Statistics lè ya àwòrán yẹn lórí bébà kan. Ènìyàn méje ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Ní ti Engineering Economics, OníPọ́ǹpù máa dárí jì mí. Ó dáa, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tí mo mọ̀ tó kọ́ ìṣirò àìdánilójú lẹ́nu iṣẹ́.

OníPọ́ǹpù
Ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò dárí jì yín o 😀. Oṣù mẹ́ta tí ẹ ń wí yẹn, ta ló fẹ́ kọ́ wọn? Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lè sọ agbára tó wà nínú irin, wọn ò lè sọ ìdí tí irin yẹn kò fi tọ́ sí rírà. Ọdún méjì ló gbà mí kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ohun tí mo sì rà láàárín ọdún méjì yẹn ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ iná.

Ohun kan tí a ò tíì sọ ni Technical Writing. Ẹ wo ohun tí ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa nígbà kan: "Pọ́ǹpù ń pariwo, a ti ṣe é." Pọ́ǹpù wo? Mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ariwo báwo? Kí ni "ṣe é"? Mo fi òwúrọ̀ odindi wá a kiri. Nígbà tí mo rí ọmọ náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé béárìn pọ́ǹpù kejì, ní ìhà mọ́tò, gbóná dé 92°C ní agogo méjì òru, ó pa á, ó sì ṣí pọ́ǹpù kẹta dípò rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe gẹ́lẹ́ ló ṣe! Ọmọ tó mọṣẹ́ ni. Kò kàn mọ̀ pé ẹni tó máa ka ìwé yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Olùkọ́_Tẹ́lẹ̀
Lórí èyí, ẹnu wa kò. Technical Writing ni àyè kejì.

Bébà_Funfun
Ẹ jọ̀ọ́, mo ya bàrá síbí. Chemical ni mo ń kà. Ṣé mo lè fi àṣàyàn kọ́ èdè Jámánì? Wọ́n ní kò bá iṣẹ́ wa mu.

WáyàPupa
Tí o bá fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀, kọ́ ọ, má bi ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ torí pé ó dùn ún sọ lásán, ṣáájú ohun gbogbo rí i dájú pé ẹ̀ka yín á ka yúnítì rẹ̀ mọ́ oyè. Ọ̀rẹ́ mi kan mú kọ́ọ̀sì èdè, ó gba A, ní ọdún tó yẹ kó jáde ni wọ́n tó sọ fún un pé kò sí lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Sáà kan ló fi kún un. Ẹ gba ìdáhùn sórí ìwé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé "kò sí wàhálà".

Ọmọ_Ẹ̀rọ3, ìmọ̀ràn kan péré ló kù lọ́wọ́ mi: wá ìbéèrè ìdánwò ọdún méjì sẹ́yìn fún Statistics yẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń ní kẹ́ ẹ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni, kò ní ṣe ọ́ láǹfààní púpọ̀, orúkọ rẹ̀ ló kàn dáa. Tí wọ́n bá gbé dátà síwájú yín tí wọ́n ní kí ẹ pinnu nǹkan, wọlé.

Ṣẹ̀ṣẹ̀Jáde
Mo gbọ́ gbogbo yín. Mo ṣì dúró lórí tèmi. Gbogbo ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ níbí ti ríṣẹ́. Ẹni tí wọn ò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò torí máàkì, níbo ló ti máa lo Statistics? Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ pé gbogbo àṣàyàn ló ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Olùkọ́_Tẹ́lẹ̀
Òótọ́ lo sọ, mi ò ní jiyàn. Tó bá jẹ́ pé máàkì díẹ̀ ló kù kó já láti ìpele kan, ìmọ̀ràn mi á yàtọ̀. Ọmọ_Ẹ̀rọ3, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ọmọ_Ẹ̀rọ3
Rárá sà, mo wà láàárín ìpele mi, kò sún mọ́ etí kankan.

Mo ṣe ìdánwò equation mẹ́ta yẹn. Ìṣẹ́jú ogójì. Nígbà tí mo fi èsì padà, kò bá. Mo wá rí i pé ìlà kejì ni mo ti gbàgbé àmì ìyọkúrò, tí mo sì gbé àṣìṣe yẹn dé òpin.

Afárá_Àtijọ́
Àmì ìyọkúrò yẹn ló ń pa gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó dàgbà jù ú.

Ọmọ_Ẹ̀rọ3
Àbọ̀ rèé, ọjọ́ Ẹtì: mo ti mú Statistics àti Technical Writing. Mo rí ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́dún kẹrin, ìbéèrè kẹta gbé ìwọ̀n bọ́ọ̀tì 40 síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n sọ bóyá kí wọ́n dá ẹrù yẹn padà fún ẹni tó tà á. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Kíláàsì Statistics kọlu iṣẹ́ ọwọ́ wa ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, àmọ́ wọ́n gbà kí n bọ́ sí ọ̀wọ́ kejì tó ń wá ní Ọjọ́bọ̀.

Mo tún lọ sí kíláàsì àtìlẹ́yìn ìṣirò. Mo rò pé èmi nìkan ni màá bá níbẹ̀. Mọ́kàndínlógún la jẹ́, mẹ́rin nínú wọn ló wà ní kíláàsì wa, àwọn tó ń sọ fún gbogbo ayé pé Linear Algebra dùn.

Ṣẹ̀ṣẹ̀Jáde
Tí o bá gba A nínú Statistics yẹn, wá pè mí síbí.

Ọmọ_Ẹ̀rọ3
Tó bá jẹ́ D ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Ṣẹ̀ṣẹ̀Jáde
Ìgbà yẹn gan-an ni kí o pè mí. Mo mọ ọ̀nà.

Ọmọ_Ẹ̀rọ3
😂 Ẹ ṣeun. Ọ̀gá Olùkọ́_Tẹ́lẹ̀, mo tún un ṣe láàárọ̀ yìí pẹ̀lú equation mẹ́ta mìíràn. Ìṣẹ́jú 22. Mo fi èsì padà. Ó bá.